Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Abiyamọ Lórí Ìkúnlẹ̀?

Bí aboyún bá ti wọ oṣù ìbímọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàdàn, àdúrà kan náà ni tẹbí tará máa ń gbà fún un: kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Àdúrà náà dára, àwa pẹ̀lú sì ń ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé a kò gbọ́ ohùn kankan mọ́, gbólóhùn kan ni a fi ń pa ẹnu gbogbo ayé dé: "Àmúwá Ọlọ́run ni." Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, a ti sin òkú, a ti dá àwọn tí ó wá kí wa lóhùn, a sì ti ń wá ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ tí ìyá fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àgbo tí ó mu, tàbí abẹ́rẹ́ tí a gún un.

Àwa kò bá Ọlọ́run du agbára. Ohun tí a ń sọ ni pé irú ikú kan wà nínú ikú abiyamọ tí kì í sábà wọlé bí olè. Ó máa ń kan ilẹ̀kùn, ó sì lè kàn án fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó wọlé. Ikú náà ni èyí tí ó ń ti ara fífàya ilé-ọmọ wá nígbà ìrọbí. Nítorí pé ó ń kìlọ̀ kí ó tó dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó tọ́ kí a bi nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ ni èyí: ta ni ó ń ṣọ́ ìyá náà lórí ìkúnlẹ̀, kí ni ó sì rí?

BÍ Ó TI Ń ṢẸLẸ̀

Ilé-ọmọ jẹ́ àpò ẹran líle tí ó ń sún kì, tí ó sì ń tú. Nígbà ìrọbí, apá òkè rẹ̀ a máa ti ọmọ sí ìsàlẹ̀, apá ìsàlẹ̀ a máa fẹ̀, ẹnu rẹ̀ a sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀nà bá gba ọmọ, ìyá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n bí orí ọmọ bá tóbi ju ohun tí egungun ìbàdí ìyá lè gbà lọ, tàbí bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ ní ìbú, apá òkè kò ní yé ti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kò ní kúrò lójú kan. Apá ìsàlẹ̀ ni ìyà náà ń jẹ. Yóò máa fẹ́lẹ́ sí i, bí aṣọ tí ènìyàn méjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí yóò fi ya.

Nígbà tí ó bá ya, ọmọ lè bọ́ sínú ikùn ìyá, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni ó kù fún un láyé. Ẹ̀jẹ̀ ìyá a máa dà sínú ikùn. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tí ó ń jáde síta lè má pọ̀ rárá, àti pé ìrọbí tí ó ti ń le koko láti òwúrọ̀ lè dáwọ́ dúró lójijì. Àwọn tí ó dúró tì í a rò pé ara ti rọ̀ ọ́, wọn a sì máa dúpẹ́. Ní àkókò ọpẹ́ yẹn gan-an ni ìyá ń lọ. Ohun tí ó lè gbà á là ni kí a gbé e dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ kíákíá, kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kí dókítà sì rán ibi tí ó ya, tàbí kí ó yọ ilé-ọmọ náà kúrò pátápátá.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, àmì a ti máa hàn. Láti ọdún 1875 ni Ludwig Bandl, dókítà kan ní ìlú Vienna, ti kọ̀wé nípa ìlà tí ó máa ń yọ lórí ikùn ìyá nígbà tí ilé-ọmọ bá ń sún mọ́ àtiya, bí ẹni pé a fi okùn di ikùn náà ní agbede méjì. Inú a máa dun ìyá kódà nígbà tí ìrọbí bá sinmi. Ọkàn rẹ̀ a máa yára lù. Ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Lílù ọkàn ọmọ a sì máa ṣe ségesège. Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Igi tí à ń sọ yìí gùn, òkèèrè ni ó sì ti ń bọ̀. Kìkì ẹni tí yóò wò ó ni ó kù.

ÀWỌN TÍ EWU NÁÀ WÀ FÚN JÙ

Èrò kan wà láàárín wa tí ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ìdílé ní ibi. Èrò náà ni pé obìnrin tí ó ti bí mẹ́rin tàbí márùn-ún kò ní ìyọnu mọ́, pé ọ̀nà ọmọ ti là. Òdìkejì èyí ni ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn. Bí ọ̀nà bá dí mọ́ ẹni tí ó ń bí àkọ́bí, a sábà máa rẹ ilé-ọmọ rẹ̀, yóò sì dẹwọ́. Ìyà tirẹ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn yọ, nípa ọgbẹ́ inú tí ó ń mú kí ìtọ̀ máa dà láìdúró. Ṣùgbọ́n ilé-ọmọ ẹni tí ó ti bí púpọ̀ kì í tètè gbà pé ó rẹ òun. Jíjà ni yóò máa jà títí yóò fi ya. Ọmọ karùn-ún sì lè tóbi ju mẹ́rin tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìyá ọlọ́mọ púpọ̀ bá pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, kì í ṣe àkókò láti máa fi ti tẹ́lẹ̀ tù ú nínú. Àkókò láti gbé e dìde ni.

Ẹnìkejì tí ewu wà fún ni ẹni tí a ti fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún rí. Àpá wà lára ilé-ọmọ rẹ̀, àpá náà sì lè ya láìfi àmì púpọ̀ hàn. Èyí kò túmọ̀ sí pé kò lè bímọ fúnra rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ti fi abẹ kàn án, tí a sì ṣọ́ ọ dáadáa ní ilé ìwòsàn tí iyàrá iṣẹ́ abẹ ti wà ní ìmúrasílẹ̀, àwọn tí ilé-ọmọ wọn ń ya nínú irú wọn kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa? Àpá tí ó yẹ kí ó lé obìnrin wá sí ilé ìwòsàn ni ó ń lé e jìnnà sí i. Bí ó bá ti lóyún òmíràn, ilé àgbẹ̀bí tí kò ní dókítà, tàbí ilé àdúrà, ni yóò sá lọ, kí ó lè fi han àwọn àna rẹ̀ pé òun náà lè bí bí àwọn obìnrin Hébérù. Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní sọ fún agbẹ̀bí pé wọ́n ti fi abẹ kan òun rí.

Àwa kò kẹ́gàn àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣí ìwé Ẹ́kísódù, orí kìíní, kí a sì kà á dé ìdí. Ta ni ó sọ fún Fáráò pé àwọn obìnrin Hébérù lágbára? Àwọn agbẹ̀bí wọn ni, Ìwé Mímọ́ sì dárúkọ méjì nínú wọn. Àwọn obìnrin Hébérù tí a fi ń gbàdúrà yìí pàápàá ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ ìgbẹ̀bí. Abẹ kì í ṣe ìtìjú. Ìyá tí a fi abẹ gbẹ̀bí fún, tí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ relé, ìyá ni. Ẹni tí ó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ń kó ìdá sí ikùn rẹ̀ ní ìgbà mìíràn.

Ewu kẹta ni oògùn tí a fi ń lé ìrọbí sáré. Vincent du Vigneaud, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1955, lára iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ fún un sì ni pé ó ṣe oògùn tí a ń pè ní oxytocin láti ọwọ́ ara rẹ̀. Oògùn rere ni. Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti bí, ó ń dá ìsun ẹ̀jẹ̀ dúró, ó sì ti gba ẹ̀mí ìyá tí kò níye là. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó bí, kíkán ni a ń kán an wọ inú iṣan lẹ́kán lẹ́kán, pẹ̀lú ẹni tí ó jókòó tì í, tí ó ń ka iye ìgbà tí ìrọbí ń dé. Ẹni tí ó gún un bí abẹ́rẹ́ ibà fún ìyá tí ìrọbí rẹ̀ falẹ̀, láìmọ ohun tí ó ń fà á, ń na ẹṣin tí ògiri wà níwájú rẹ̀. Bákan náà ni oògùn oníhóró tí a ń pè ní misoprostol, bí a bá lò ó fún ẹni tí ó ní àpá ní ilé-ọmọ. Bákan náà sì ni fífi ìgúnpá àti gbogbo agbára tẹ ikùn aboyún kí ọmọ lè jáde.

ÌBÀDÀN KÌ Í ṢE OKO

Bí ó bá ṣe pé abúlé ọ̀nà jíjìn ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, a ó ní ọ̀nà ni kò dára, ọkọ̀ ni kò sí. Ṣùgbọ́n láti Ọjà'ba dé Yemẹtu, níbi tí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ wà, kò tó ìrìn wákàtí kan ní ẹsẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn Kátólíìkì wà ní Ẹlẹ́ta. UCH wà ní Orítamẹ́fà. Ìyá tí ó ń rọbí ní Bẹẹrẹ, ní Bẹyẹrúnkà, tàbí ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó, kò jìnnà sí ibi tí a ti lè gbà á.

Kì í sì í ṣe ìmọ̀ ni ìlú yìí kò ní. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, Adéọ̀yọ́ ni a ti kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ìṣègùn ní ìtọ́jú aláìsàn. Ní ọdún 1952 ni a ṣe òfin tí ó dá UCH sílẹ̀, a sì ṣí i ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1957. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Lawson, tí ó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìgbẹ̀bí níbẹ̀, àti D. B. Stewart ṣe ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 1967 lórí ìgbẹ̀bí àti àrùn obìnrin ní àwọn ilẹ̀ olóoru. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ mìíràn ka ohun tí a rí lára àwọn ìyá ilẹ̀ wa, wọ́n sì fi í gba ẹ̀mí là. Ìtìjú ni yóò jẹ́ bí ìlú tí a ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí bá tún jẹ́ ìlú tí a ti ń kú bí ẹni pé a kò kọ́ ọ rí.

Níbo wá ni àkókò ń lọ? Ní ọdún 1994, àwọn obìnrin onímọ̀ méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kọ̀wé pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa abiyamọ: ìdádúró nínú ilé kí a tó pinnu, ìdádúró lójú ọ̀nà kí a tó dé, àti ìdádúró ní ilé ìwòsàn kí a tó dá ẹni náà lóhùn. Ní àárín ìlú Ìbàdàn, ti ojú ọ̀nà ni ó kéré jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé fún mọ́ra ní àwọn agboolé wa tí ọkọ̀ kò fi lè dé ẹnu ọ̀nà púpọ̀ nínú wọn. Ti inú ilé àti ti ilé ìwòsàn ni ọ̀ràn wa.

Ẹ̀yin baálé ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa. Ìgbà mélòó ni a ti sọ pé kí a dúró kí ọkọ rẹ̀ dé? Ìgbà mélòó ni a ti sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ ná, tàbí kí a kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí wòlíì tàbí ààfáà? Kì í ṣe ìyá tí ń rọbí ni ó ń ṣe ìpinnu wọ̀nyí. Àwọn mìíràn ni ó ń ṣe é lé e lórí, òun ni ó sì ń fi ẹ̀mí san án. Ìjáfara léwu.

Ní ti ilé ìwòsàn, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, bí a kò tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. A gbé ìyá dé, a ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ san owó. A rán ọkọ rẹ̀ lọ ra ìbọ̀wọ́, omi abẹ́rẹ́ àti òwú. A so omi abẹ́rẹ́ kọ́, ẹni tí ó so ó parí iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀, ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ kò mọ ohun tí ó wà nínú omi náà. A pe dókítà, kò dé. Dókítà dé, iná kò sí. Iná dé, ẹ̀jẹ̀ kò sí. Nígbà tí gbogbo wọn yóò fi pé, ilé-ọmọ ti ya.

Ó tọ́ kí a sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ náà pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ti lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, àwọn tí ó kù ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta, wọ́n sì ń fi iná tẹlifóònù ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi iná ńlá ṣe. Kì í ṣe gbogbo ikú ni àìbìkítà fà, kò sì dára kí ìbátan olóògbé máa lu nọ́ọ̀sì tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀. Nítorí èyí gan-an ni ìwádìí fi ṣe pàtàkì: òun ni yóò ya ẹni tí ó sa gbogbo agbára rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó sùn sẹ́nu iṣẹ́, òun ni yóò sì fi hàn bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ni kò pèsè ohun èlò.

ÌWÉ PẸLẸBẸ KAN

Ohun èlò tí a fi ń ṣọ́ ìrọbí kì í ṣe ohun olówó gọbọi. Ìwé kan ni. Ní ọdún 1954, Emanuel Friedman ní New York ya àtẹ tí ó fi bí ẹnu ilé-ọmọ ṣe ń ṣí láti wákàtí dé wákàtí hàn. Ní ọdún 1972, ní Áfíríkà tiwa níbí, àwọn dókítà méjì, Philpott àti Castle, ní ìlú tí a ń pè ní Harare lónìí, fa ìlà méjì sí orí irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Bí ìrọbí bá kọjá ìlà kìíní, kí agbẹ̀bí gbé ìyá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Bí ó bá kọjá ìlà kejì, kí dókítà ṣe ohun tí ó bá yẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dán àtẹ náà wò lára àwọn ìyá tí ó ju 35,000 lọ ní Indonesia, Malaysia àti Thailand, ó sì ròyìn ní ọdún 1994 pé ìrọbí tí ń pẹ́ jù dín kù dé ìwọ̀n ìdajì. Ní ọdún 2020, àjọ náà gbé àtẹ tuntun jáde dípò ti àtijọ́.

Olùkọ́ tí ó ń ṣàmì sí orúkọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láràárọ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Ìwé ìpè kò kọ́ ọmọ ní ìwé, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó, a ó mọ ẹni tí kò wá, a ó sì mọ ọjọ́ tí ó ti ń sá. Bákan náà ni àtẹ ìrọbí. Bí a bá kọ ọ́ ní wákàtí wákàtí, ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wúlò. Bí a kò bá kọ ọ́, tàbí bí a bá jókòó kọ ọ́ lẹ́yìn tí ìyá ti kú, irọ́ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn kékeré ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2023, ó tó 75,000 obìnrin tí ó kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ayé lọ. Ìsun ẹ̀jẹ̀, ìwárìrì, àìsàn ibà lẹ́yìn ìbímọ àti ìrọbí tí ó dí wà lára ohun tí ó ń fà á. A kì í ṣe aláìmọ̀kan nípa rẹ̀. Láti 1976 títí di 1979, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kelsey Harrison, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìbàdàn, ka ìbímọ 22,774 ní ilé ìwòsàn kan ní Zaria, ó sì ka ikú ìyá 238 nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó fà yọ ni pé àwọn tí a kò tọ́jú oyún wọn, tí a sì gbé dé nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, ni ikú pọ̀ láàárín wọn jù. Iye yẹn ti pé lọ́wọ́ wa ní ohun tí ó ju 40 ọdún lọ.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ní ìpín rẹ̀ ogún pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tí ó wà nínú ewu pàjáwìrì, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tí ó bá rú òfin náà lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jẹ ìyà méjèèjì. Òfin kan náà pàṣẹ pé kí a máa kọ àkọsílẹ̀ ìtọ́jú olúkúlùkù ènìyàn, ó sì fún aláìsàn ní àyè láti mú ẹ̀sùn wá kí a sì wádìí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣe àkóso àwọn dókítà wà, ó sì ní agbára láti fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá jẹ̀bi àìbìkítà, títí dé orí gbígba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni ilé ẹjọ́ ń béèrè, kì í ṣe ẹkún. Ní ọdún 2006, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ obìnrin kan tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ iṣẹ́ abẹ ṣẹ́ sínú rẹ̀ nígbà tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Obìnrin náà kò jàre, nítorí àwọn adájọ́ ní pé ohun náà ṣẹlẹ̀ nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé àìbìkítà ni ó fà á. Nítorí náà, bí kò bá sí àkọsílẹ̀ wákàtí àti ìtọ́jú, kò sí ohun tí ọkọ olóògbé yóò gbé dé iwájú adájọ́. Àtẹ tí a kò kọ ń pa ìyá, ó sì tún ń pa ẹjọ́ rẹ̀.

Ju ìjìyà lọ, ohun tí a ń wá ni ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1952, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ikú abiyamọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ní England àti Wales, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí gbogbo dókítà lè kọ́gbọ́n. Kò sì ṣe é kí àṣìṣe má wọlé mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Donna Ockenden gbé ìròyìn kan jáde lórí àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Shrewsbury àti Telford. Ìdílé 23 ni ọ̀ràn wọn kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Nígbà tí ìwádìí parí, ìdílé 1,486 ni a ti yẹ ọ̀ràn wọn wò, a sì rí i pé ọmọ 201 ì bá wà láàyè bí ìtọ́jú bá dára. Lára ohun tí ìròyìn náà fi gún wọn lójú ni pé wọ́n ń fi fífà sẹ́yìn nínú iṣẹ́ abẹ yangàn, wọ́n sì ń lo oògùn tí ń lé ìrọbí láìṣọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ obìnrin Hébérù ṣe dé ilẹ̀ aláwọ̀ funfun pẹ̀lú! Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wa ni pé àwọn òbí ibẹ̀ kò gbà láti dákẹ́.

Kò di dandan kí a lọ sí òkè òkun. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba gómìnà Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyẹ ní ọdún 2009, ó sì fi òfin gbé ìwádìí ikú abiyamọ lẹ́sẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni àwọn náà. Ohun tí Oǹdó lè dán wò, Ìbàdàn lè dán an wò.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

A fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rí i dájú pé ìgbàkígbà tí ilé-ọmọ ìyá bá ya, yálà ìyá náà kú tàbí ó yè, a ṣe ìwádìí kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ti aládàáni, àti ní ilé àgbẹ̀bí. Kí ìdílé ìyá náà gbọ́ èsì rẹ̀. Kí a sì máa tẹ àkópọ̀ ẹ̀kọ́ tí ó bá jáde lọ́dọọdún, láìdárúkọ ẹni tí ọ̀ràn kàn. A fẹ́ kí a fi òfin de abẹ́rẹ́ alé-ìrọbí àti ikùn títẹ̀ ní ibikíbi tí kò sí dókítà, kí a sì máa yin agbẹ̀bí tí ó bá tètè gbé ìyá wá, dípò kí a máa pariwo lé e lórí ní ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, iṣẹ́ yín ni èyí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí yóò di ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin aláìní tí ó nílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà, ẹ lọ béèrè ní wọ́ọ̀dù yín: obìnrin mélòó ní Ọjà'ba ni ó ti jẹ àǹfààní rẹ̀? Ilé ìwòsàn wo ni ó ń ṣe é? Ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í bóyá iná ń jó ní iyàrá ìgbẹ̀bí tí ó sún mọ́ ilé yín, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ lóru.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ lè mú ọ̀rọ̀ yìí wọ inú agboolé tí ìwé ìròyìn kò dé. Ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn òbí. Ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ, kí tọkọtaya ti mọ ilé ìwòsàn tí wọn yóò lọ, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lóru, ẹni méjì tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé "ó yá" bí ọkọ kò bá sí nílé. Ẹ sọ fún àwọn tí ó ti ní àpá iṣẹ́ abẹ pé ibi tí iyàrá iṣẹ́ abẹ wà nìkan ni kí wọ́n ti rọbí.

Ní ti ẹ̀yin tí ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀, a bá yín kẹ́dùn. A kò sọ pé kí ẹ lọ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kàn gba ìwé, kí ẹ kọ wákàtí tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ibi tí ẹ kọ́kọ́ lọ, ohun tí a fún un, ìgbà tí a pe dókítà àti ìgbà tí ó dé. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ tiwọn, kí ẹ sì fi méjèèjì wé ara wọn. Bí ilé ìwòsàn bá mọ̀ pé a ó béèrè lọ́la, yóò ṣọ́ ìyá lónìí.